Masrani Káfíńtà àti Ilé Ẹyẹ Acil Rusmini

Ọwọ́ Masrani kì í já ènìyàn kulẹ̀. Bàbá rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi títí ó fi kú, òun náà kan ọkọ̀ fún ogún ọdún, ọkọ̀ tó bá sì jáde lábẹ́ àtíbàbà wọn ní ìlú wa Muara Pulantan kì í mu omi. Nígbà tí àwọn ẹyẹ walet wá pọ̀ létí odò wa, tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gíga tí kò ní fèrèsé fún wọn, Masrani gbé òòlù àti ayùn rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, ó kọjú sí àjà ilé ẹyẹ. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ìsàlẹ̀ odò.

Walet jọ alápàńdẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló fi ń kọ́ ìtẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, inú òkùnkùn ilé ló ń wọ̀, á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó lábẹ́ àjà, ibẹ̀ ni yóò máa lẹ itọ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí àwo pẹlẹbẹ funfun. Ìtẹ́ yẹn làwọn oníṣòwò ń wá rà, tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun fún àwọn tó ń sè é mu. Nítorí náà, lórí pátákó ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ilé lè ga dé ọ̀run, ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹyẹ lè máa dún lójú ihò tí wọ́n ń gbà wọlé láti àárọ̀ dalẹ́, bí pátákó kò bá tẹ́ ẹyẹ lọ́rùn, á wọlé, á yí po lẹ́ẹ̀mejì, á jáde lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Masrani mọ èyí ju gbogbo wa lọ, kò sì fi pamọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìrun Àláásárì, tí àwa ọkùnrin bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lórí omi, òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù.

“Ẹ fún mi ní yàrá òfìfo àti igi tó gbẹ,” ni yóò wí, “kí ẹ sì máa lọ sùn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹyẹ á máa bá ara wọn jà nítorí àyè.”

“Masrani, ṣé ìwọ náà lo tún ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tutọ́ ni?” Hamsani tó ń ta àwọ̀n ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ fún ìwọ. Ta ni itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀ tó tìẹ ní àdúgbò yìí?”

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Àbúrò Masrani ni mo fẹ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe, ẹnu ọ̀nà wa kọjú síra. Apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní òkè ilé Acil Rusmini nínú oṣù ààwẹ̀.

Acil Rusmini jẹ́ opó. Àǹtí ni acil túmọ̀ sí lẹ́nu wa, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Àlàájì Busran, ló kọ́ ilé náà kó tó kú: ìyàwó ń gbé ìsàlẹ̀, ẹyẹ ń gbé àjà méjì tó wà lókè. Obìnrin náà mọ àwọn ẹyẹ rẹ̀ bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń pa á. Kò sì jẹ́ ká ìtẹ́ kan láé, àfi tí ọmọ inú rẹ̀ bá ti fò lọ.

Àjà òkè pátápátá ló ń dà á láàmú. Ó ní kí Masrani wá wò ó.

“Ọmọ mi, wọ́n ń fún ara wọn pa ní igun,” ó wí, ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. “Ìtẹ́ gun orí ìtẹ́, gbogbo rẹ̀ wọ́. Àwọn ọmọ mìíràn ń jábọ́. Bẹ́ẹ̀ àárín gbùngbùn rèé, ó ṣófo.”

Masrani fi ìka kan pátákó, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

“Ẹni tó ṣe èyí fá igi jù, Acil. Ó dán bí orí Lèmọ́mù. Kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dì mú?”

Acil rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Masrani ṣàlàyé ohun tí yóò ṣe fún un. Àwọn pátákó tó ti hu èbu, yóò yọ wọ́n kúrò. Yóò fi tuntun kún un, yóò dá àjà náà sí wẹ́wẹ́ bí ojú àpótí, kí igun lè pọ̀ káàkiri àárín, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan. Yóò fi ayùn fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára igi kí ìka ẹyẹ lè rí nǹkan gbá mú. Ní igun kọ̀ọ̀kan, yóò kan pátákó kékeré onígun mẹ́ta dí i, kí ìtẹ́ má baà wọ́ mọ́. Yóò sì sún àwọn agbada omi kúrò lábẹ́ ihò, kí ọ̀rinrin lè dé ibi gbogbo.

“Ọjọ́ mẹ́wàá,” ó wí.

“Ọjọ́ mẹ́wàá dára. Ṣùgbọ́n dúró kí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ yìí fò tán. Oṣù kan àti ààbọ̀ ni.”

“Mo gbọ́, Acil.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọlọ́rọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ odò ránṣẹ́ sí i pé òun ní ilé alájà márùn-ún tó fẹ́ pátákó láti òkè délẹ̀, iṣẹ́ oṣù márùn-ún gbáko, pé bí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù tó parí, òun yóò pe káfíńtà ọ̀dọ́ kan tó ń gbé òdìkejì odò. Masrani ló kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà níṣẹ́. Wọ́n jà, wọ́n sì pínyà. Masrani ronú pé bí òun bá lọ fún oṣù márùn-ún, Acil kò ní dúró de òun, ọmọ yẹn náà ni yóò pè, yóò wá kan pátákó sí àárín àdúgbò òun, lójú òun. Èyí ni kò lè gbé mì. Ó fẹ́ mú méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí tí ọmọ Acil obìnrin bímọ ní ìlú Martapura. Acil ti di ìyá àgbà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Masrani lọ́wọ́ kó lè máa bu omi sínú agbada, ó ní òun yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́ kejì tó lọ, Masrani gbé àkàbà wọlé.

Ó sọ fún mi pé òun kò wọlé pẹ̀lú èrò ìkà. Ó so díńgí mọ́ orí ọ̀pá, ó fi ń wo inú ìtẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyin wà nínú àwọn kan. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí ìyẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí abẹ́rẹ́. Ó ní òun yóò fi pátákó tó bá ní ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lára èyí tó hu èbu gan-an ni wọ́n pọ̀ sí, kò sì sí bí ó ṣe lè kan tuntun láìtú ògbólógbòó. Ó tú àkọ́kọ́. Ọmọ méjì ló wà lára rẹ̀. Ó fi aṣọ gbé ìtẹ́ náà, ó wá ọ̀nà láti fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tuntun. Ìtẹ́ náà mú fún wákàtí kan, ó jábọ́. Ó tún lẹ̀ ẹ́. Ó tún jábọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò wo inú díńgí mọ́. Àpò ìrẹsì kan wà lẹ́sẹ̀ àkàbà, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Ó di ẹnu rẹ̀, ó jù ú sódò nígbà tí omi ń fà lọ sí òkun.

Ìyẹn nìkan kọ́. Igi gbígbẹ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tó kù ló sì ti fi pamọ́ fún ọlọ́rọ̀ ìsàlẹ̀ odò. Igi tútù tí àwọn agbẹ́gi ti fi oògùn kòkòrò kùn ló kàn sí ilé opó. Òórùn rẹ̀ ń ta ojú. Ó ní á gbẹ kí Acil tó dé.

Acil pè é lórí fóònù ní ọjọ́ kẹsàn-án.

“Ọmọ mi, àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?”

“Wọ́n ti fò tán, Acil. Wọ́n yá ju bí a ṣe rò lọ.”

“Ṣé gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn ni. Mo ti ń bá iṣẹ́ lọ.”

Nígbà tó dé, ó gun òkè lọ wo iṣẹ́. Pátákó tò lọ rẹrẹ, igun ò ṣe é kà, ìlà ayùn tọ́ bí ìlà inú ìwé. Ó gbàdúrà fún Masrani. Ó se ìrẹsì pupa, ó sun ẹja odò ńlá kan, ó fi ata tútù lé e lórí, ó ní kó wá jẹun. Masrani jẹ ìdajì, ó ní òun ní iṣẹ́ nílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwọn ẹyẹ wọlé. Wọ́n ń yí po. Àwọn kan ń so mọ́ ojú ibì kan náà léraléra, níbi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n á jábọ́ kúrò, wọ́n á tún padà síbẹ̀. Igbe wọn ń dún tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, débi pé a gbọ́ ọ láti ilé wa.

“Ilé tuntun ni wọ́n ń wò,” Acil wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n dín kù. Lẹ́yìn oṣù kan àjà òkè dákẹ́ rọ́rọ́. Àjà kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Lẹ́yìn ilé Acil ni Julak Anang ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni là ń pè ní julak, ọkùnrin náà sì ti tó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àgbá ìrin kan ló fi ń sun èèpo àgbọn di èédú, tí ó ń tà fún àwọn tó ń sun ẹran létí ọ̀nà. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń sun ún níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ti ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹyẹ láti ìgbà tí Àlàájì Busran ti wà láyé.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Àláásárì, Acil Rusmini wá síbi àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Kò gòkè. Ó dúró sórí afárá, ó di ọwọ́ mú lẹ́yìn.

“Masrani,” ó wí, níṣojú gbogbo wa, “ìwọ lo mọ ẹyẹ. Mo ti ronú títí, orí mi ń fọ́. Ṣé èéfín Anang yìí kọ́ ló ń lé wọn?”

Julak Anang wà níbẹ̀. Ó ń da omi sẹ́sẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò àlùwàlá nítorí pé ó ti pẹ́ dé. Ó gbé orí sókè.

Gbogbo wa wo Masrani. Mo rí i pé ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Èéfín lè lé wọn, Acil,” ó wí.

Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, ibẹ̀ ni oró rẹ̀ wà. Èéfín lè lé ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilé ẹyẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sun ún,” Julak wí jẹ́jẹ́.

“Ọdún mẹ́wàá náà ló ti ń ta wọ́n lójú, Julak,” Hamsani dáhùn. “Ẹyẹ kò kàn ní ẹnu tí wọ́n á fi sọ fún yín ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí, èmi tí mò ń rí ẹyẹ tó ń gba àárín èéfín yẹn wọlé lójoojúmọ́ ayé mi.

Ní ọjọ́ kejì Julak dojú àgbá rẹ̀ bolẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ ti dé: Julak Eléèéfín. Àwọn obìnrin tó máa ń bá a ṣàwàdà lórí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́. Acil Rusmini kò kí i mọ́.

Masrani ti wà ní ìsàlẹ̀ odò nígbà náà, ó ń kan pátákó ọlọ́rọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé nìkan ló ń wálé wá fá igi lábẹ́ àtíbàbà. Julak wá bá a níbẹ̀.

“Masrani, ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Fún mi ní nǹkan ṣe. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kí n máa gbálẹ̀ ni.”

Kí ni kó sọ? Ó fún un ní ayùn kékeré, ó fi bí wọ́n ṣe ń fa ìlà hàn án. Ọkùnrin náà ní sùúrù. Ìlà rẹ̀ tọ́ ju ti Masrani lọ. Àmọ́ Masrani kò lè wò ó lójú. Bí Julak bá dé, á sáré gbé àpótí tó dára jù fún un. Á ra àkàrà òyìnbó oní-àgbọn fún un. Á bu tíì, á fi ṣúgà sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

“Masrani, kí ló dé?” Julak bi í. “Ṣé o ní ọmọbìnrin kan tí o fẹ́ fún mi ni? Mo ti dàgbà o. Eyín mi mẹ́rin ló kù.”

Masrani rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo wa ń lọ tún ibojì àwọn ènìyàn wa ṣe, Julak gbé pátákó kan tó ṣẹ́ kù lára ti ilé Acil sí imú.

“Igi yìí ń rùn. Ṣé ẹyẹ kì í gbóòórùn ni?”

“Á lọ,” Masrani wí.

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.” Julak gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo lọ síbi ibojì Busran lánàá. Mo fa koríko rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi ń kú lọ, ọkọ̀ Busran ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò, kò sì dárúkọ epo. Èmi ni mo wá fi èéfín lé ẹyẹ rẹ̀ lọ. Mo ní kó foríjì mí. Mo rò pé ó gbọ́.”

Masrani gbé òòlù kalẹ̀. Ó wọlé. Salasiah, ìyàwó rẹ̀, bá a níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, lẹ́bàá àmù.

“Ṣé ara yín kò yá ni?”

Ó sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ló sọ: fóònù, igi tútù, àpò, ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Salasiah kì í pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Lọ́jọ́ náà ó pè é bẹ́ẹ̀.

“Ìwọ,” ó wí. “Mélòó ló wà nínú àpò?”

“Mi ò kà wọ́n.”

“O kà wọ́n.”

“Mọ́kàndínlógójì.”

“Lọ sọ fún un.”

“Fún Acil?”

“Fún ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ.”

Ó jáde. Julak ti lọ kírun. Masrani fi ìyẹn ṣe àwáwí, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó ní ó di Ẹtì. Ó padà sí ìsàlẹ̀ odò láìsọ nǹkan kan. Salasiah ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì bá a jókòó.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ààwẹ̀ dé. Àkókò yìí ni gbogbo ilé ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ tọ àgbà lọ. Julak kò dúró kí ọmọdé wá. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Masrani mú.

“Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ nínú ọdún yìí, foríjì mí. O fún mi níṣẹ́ nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ rí mi.”

“Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀,” Masrani wí. “Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe èéfín yín.”

Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó parí, bàbá náà jókòó sórí òkìtì pátákó, ó ń fi èékánná ha ìyẹ̀fun igi kúrò lápá.

“Mo mọ èéfín mi,” ó wí. “Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ ju ojú ara mi lọ.”

Masrani ní ká ní ó gbá òun létí ni, ì bá sàn.

“Ṣé ẹ máa foríjì mí?”

“Èmi kọ́ ni wàá kọ́kọ́ bi. Lọ bá Rusmini.”

Acil Rusmini gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní kó wọlé.

“Mo pè ọ́ lórí fóònù,” ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Acil.”

“Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo gbé ọmọ-ọmọ mi sí ẹsẹ̀, mò ń bi ọ́ nípa ọmọ ẹyẹ, ò ń dá mi lóhùn.” Ó wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀, níbi tí àgbá wà tó dojú bolẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ìtìjú tirẹ̀ ló rí. “Oṣù mẹ́ta ni mi ò kí Anang. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ibi tí o ti sọ ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí o ti lọ sọ èyí.”

“Acil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn nílé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ṣé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lo sọ ti àkọ́kọ́?”

Ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọjọ́ kejì, Àláásárì tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. A ti kírun tán, a ń bọ ara wa lọ́wọ́. Masrani dìde, ó di òpó mú. Àwọn kan rò pé àwàdà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀.

“Acil Rusmini bi mí níbí pé ṣé èéfín Julak ló lé ẹyẹ òun,” ó wí. “Mo ní èéfín lè lé wọn. Èéfín kọ́. Èmi ni.”

Ó sọ ti igi. Ó sọ ti àpò. Nígbà tó dé orí iye tó wà nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní Julak dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀sùn tí òun fi kàn án, òun sì ń fún un ní tíì mu.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù tẹjú mọ́ ẹní. Hamsani ń wá bàtà rẹ̀, bàtà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Julak jókòó sí igun, ó ń wo omi. Ó yẹ kí èmi náà dìde, kí n sọ pé mo mi orí lọ́jọ́ yẹn bẹ́ẹ̀ mo mọ òdodo. N kò dìde. Mo wò ó bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn, tí kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e, mo sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀ odò kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ọlọ́rọ̀ náà ránṣẹ́ pé kí Masrani má wá mọ́, ó sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin òdìkejì odò. Masrani kò bá a jiyàn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wá sí ilé Acil, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun tún àjà náà ṣe.

“O kò ní fọwọ́ kan pátákó kan,” Acil wí, “àfi tí èmi fúnra mi bá ti wo ojú rẹ̀.”

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Acil, nínú ààwẹ̀, ó ń gun àkàbà, ó di díńgí mú. Èmi ni mò ń di àkàbà. Masrani kò ní igi gbígbẹ mọ́, ó sì ti búra pé igi olóòórùn kò ní wọ ilé yẹn mọ́. Ó lọ tú ilẹ̀ yàrá ara rẹ̀, pátákó tí bàbá rẹ̀ tẹ́ síbẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Salasiah dúró sórí igi ìdábùú, omi odò ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Níbo la máa sùn báyìí? Ṣé ẹja ni wá?”

“Ilé ìdáná,” Masrani wí.

“Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀ yọ ìṣó, ẹ má fọ́ ọ.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó tún pè é ní ẹ.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Masrani fọ ògiri. Ó da omi tí a fi ìgbẹ́ ẹyẹ pò sára igi kó lè rùn bí ilé tí wọ́n mọ̀. Julak wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ayùn kékeré lọ́wọ́, ó jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń fa ìlà. Kò sọ pé òun ti foríjì, kò sì sọ pé òun kò foríjì. Acil gbé omi lọ fún un láti fi ṣínu, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a kò gbọ́. Ó ní kó padà máa sun èédú rẹ̀. Julak ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé ìlà fífà tẹ́ òun lọ́rùn.

Ẹyẹ kò padà bí a ṣe rò. Àwọn tó lọ ti lọ. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e wọlé, ìtẹ́ mọ́kànlá ló wà láàárín àjà òkè, wọ́n tọ́, wọ́n funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Acil kò ká ọ̀kankan nínú wọn ní ọdún yẹn. Ó ń pe Masrani ní Masrani. Kò pè é ní ọmọ mi mọ́.

Iṣẹ́ tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ Masrani, díẹ̀díẹ̀. Ó ń kírun pẹ̀lú wa, ní ìlà ẹ̀yìn, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti òun lọ wo òkè ilé Acil. Ó na díńgí sí ìtẹ́ kan, mo rí ẹnu kékeré méjì tó là sókè nínú rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Masrani wò wọ́n pẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó ní kí n máa lọ níwájú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò lórí afárá, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, bí ẹni tí kò fẹ́ gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá.